Ẹ̀rọ Tí Kò Gbọ́ Ohùn

Bí mo bá fẹ́ rántí àárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi rí ara wa kẹ́yìn, òórùn kẹrosíìnì ló máa ń kọ́kọ́ dé, òórùn aṣọ tútù a sì tẹ̀lé e. Ó ti fọ aṣọ pélébé kan láàárọ̀ ọjọ́ náà, aṣọ funfun tí ó gé lára síńgílẹ́ẹ̀tì mi àtijọ́ láti máa fi nu ojú kámẹ́rà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Kí ó lè tètè gbẹ, ó tẹ́ ẹ sórí ìdérí kẹ́tùlù tí a fi ń se omi tíì lórí sítóòfù. Mo ní, "Tíì wa yóò máa rùn síńgílẹ́ẹ̀tì lónìí." Kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó ní, "Síńgílẹ́ẹ̀tì ta ni? Ẹ jẹ́ kí ó padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀." A mu tíì náà. Kò rùn síńgílẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti ń gbé omi kaná, imú mi a máa wá òórùn náà.

Ẹdẹ la wà nígbà náà, ní àwọn ọdún tí àwọn ṣọ́jà ń ṣèjọba, tí Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé tí wọ́n gbé kalẹ̀, sì ti fá irun gbogbo wa láìfi omi sí i. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá àti ìtàn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Òun ń kọ́ni ní físíìsì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nínú ìlú. Ìwọ náà mọ bí nǹkan ṣe rí lásìkò yẹn. Ṣọ́ọ̀kì di ohun tí olùkọ́ ń fi pamọ́ sínú àpò bí ẹni fi obì pamọ́. Ní láàbù tirẹ̀, gíláàsì tó bá fọ́ ti fọ́ nìyẹn, kò sí òmíràn. Ó máa ń sọ pé físíìsì tí òun ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun dà bí ìtàn àlọ́, nítorí ẹnu lásán ni òun fi ń ṣe gbogbo rẹ̀: ká ní a ní èyí, ká ní a ní tọ̀hún.

Nítorí náà, nígbà tí ilé ìwádìí kan ní ìlú mìíràn gbà láti yá a ní ẹ̀rọ kan fún ìgbà ọyẹ́ kan péré, ńṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n gbé ìyàwó fún. Ó ń kọ ìwé fún oyè kejì ní yunifásítì, lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Ifẹ̀, ohun tí ó sì fẹ́ mọ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ físíìsì bíi tèmi. Ó fẹ́ mọ ohun tí eruku ọyẹ́ ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀. Ó ní iná lésà kékeré kan, pupa fòò, tí ìtànṣán rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú. Ó máa ń tan án láti ìkangun kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàbù sí ìkangun kejì, níbi tí kámẹ́rà inú ẹ̀rọ àyálò náà wà. Kámẹ́rà a rí ìtànṣán náà, a sì gbé e fún kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà a wá sọ bí ó ṣe fẹ̀ tó, ibi tí àárín rẹ̀ wà, àti bí agbára rẹ̀ ṣe pín.

Gbogbo èèyàn ló ń fi aṣọ bo ẹ̀rọ wọn nígbà ọyẹ́. Ìyàwó mi nìkan ló ń ṣí fèrèsé. Olórí ẹ̀ka wọn, ọmọ agbo ilé àwọn Mùsùlùmí kan ní Ẹdẹ àtijọ́, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́, máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà pé, "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wá wo obìnrin tó ń gbàlejò eruku!" Ìyàwó mi á dá a lóhùn pé, "Alájì, ẹ wọlé, ẹ tún bá mi kó díẹ̀ wá lára bùbá yín."

Mo lọ bá a níbẹ̀ ní ọ̀sán kan lẹ́yìn ilé-ìwé, ó sì fi ìtànṣán náà hàn mí lójú kọ̀ǹpútà. Mo rò pé n ó rí ìlà pupa kan ni. Ohun tí mo rí ni òrùka nínú òrùka, àwọ̀ funfun láàárín, yẹ́lò yí i ká, lẹ́yìn náà àwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà àwọ̀ aró, bí àlùbọ́sà tí a fi ọ̀bẹ là sí méjì. Ní ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá mọ́, àlùbọ́sà náà a rí roboto. Ní ọjọ́ tí ọyẹ́ bá mú gan-an, etí rẹ̀ a fàya, a sì máa gbọ̀n bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Ó ní kí n wò ó dáadáa. Mo wò ó. N kò ní purọ́ fún ọ, ó lẹ́wà.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé inú ẹ̀rọ náà ni gbogbo rẹ̀ wà. Ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló mọ bí a ṣe ń ka ohun tí kámẹ́rà rí. Bí ẹ̀rọ bá ti padà sọ́dọ̀ àwọn olówó rẹ̀, iṣẹ́ gbogbo ìgbà ọyẹ́ náà bá a lọ nìyẹn. Àfi kí a kó àwọn àwòrán àti òǹkà wọn jáde sórí dísíkẹ́ẹ̀tì ní ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà mìíràn fi lè kà wọ́n. Ó ní ẹkisipọọtu ni wọ́n ń pè é. Mo ní ṣé kòkó ni? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, kì í ṣe kòkó. Ìkómọjáde ni." Tíṣà ló máa ń pè mí, láti ìgbà tí a ti ń fẹ́ra.

Ó wá fi ọ̀kan ṣe fún mi kí n rí i. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ̀rọ sì béèrè orúkọ. Láìsí orúkọ, kò ní jẹ́ kí nǹkan kan jáde. Ó ní, "Ẹ rí i? Kò sẹ́ni tó ń kó ọmọ jáde láìsọ ọ́ lórúkọ. Ọjọ́ kẹjọ ni tiwa. Lẹ́tà mẹ́jọ ni ti ẹ̀rọ, kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ." Lẹ́yìn tí àwòrán jáde, ó tún tẹ bọ́tìnnì mìíràn, ó sì kó òǹkà jáde pẹ̀lú orúkọ kan náà; ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń fi ìpẹ̀kun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí wọn nídìí. Ó ní ìbejì ni wọ́n. Àwòrán ni Táyé, òun ló ń kọ́kọ́ yọjú. Òǹkà ni Kẹ́yìn, òun ló gbọ́n jù. Bí a bá kó Táyé jáde tí a gbàgbé Kẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò ní mọ bí àlùbọ́sà náà ṣe fẹ̀ tó, àwòrán ara ògiri lásán ni yóò dà.

Orúkọ tí ó fún ọmọ náà ló dá ìjà sílẹ̀. Ó tẹ O, ó tẹ Y, ó tẹ E. Mo ní kí ni ìyẹn? Ó ní ọyẹ́. Mo ní kì í ṣe ọyẹ́, kò ní àmì lórí, kò ní àmì nísàlẹ̀. Ó lè jẹ́ oyè, ó lè jẹ́ òye. Ó ní ẹ̀rọ náà kò ní àmì kankan, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló mọ̀.

"Ẹ̀rọ tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn," ni mo wí.

"Ẹ̀rọ náà kò gbọ́ ohùn, Tíṣà. Ẹ má bá a jà."

"Ohùn ni ẹ̀mí ọ̀rọ̀. Bí o bá bọ́ ọ kúrò, òkú ọ̀rọ̀ ló kù."

Ó wò mí, ojú rẹ̀ kún fún ẹ̀rín. Ó ní, "Ó dáa. Bàbá ọmọ ló ń sọmọ lórúkọ. Bí ó bá di ọjọ́ tí a ó kó ìyókù jáde, ẹ̀yin lẹ ó sọ wọ́n lórúkọ. N ó rí bí ẹ ó ṣe fi ohùn sí i." Mo gbà. Mo tilẹ̀ ṣe bí ẹni pé mo ń ṣe é lóore.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń sọ yìí gan-an ló yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ìkómọjáde yẹn. Ó fẹ́ kó wọn jáde ní láàbù, kí ó sì gbé dísíkẹ́ẹ̀tì lọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó mu tíì tán, iná lọ. A dúró. Kò dé. Ọ̀wọ́n epo wà nílùú, jẹnẹrétọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wọn kò ní nǹkan kan nínú. Ó ní òun yóò kúkú lọ rí ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́wọ́ òfo, kí òun bẹ̀ ẹ́ kí ó fún òun láyè díẹ̀ sí i. Bí òun bá dé, a ó jọ lọ sí láàbù lọ́jọ́ kejì. Ó wọ bàtà rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ní, "Ẹ ti máa ronú orúkọ o." Aṣọ tí ó fọ̀ ṣì wà lórí kẹ́tùlù. Kò mú un, nítorí kò ní lọ sí láàbù mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọkọ̀ tí ó wọ̀ kò kọjá Sẹkọna, lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nípa rẹ̀ kò pọ̀, èmi náà kò sì béèrè. Kíláàsì ni wọ́n ti wá pè mí. Gbólóhùn tí mo kọ sójú pátákó kò parí. A sin ín sí ìlú wọn, ní ìlànà ìjọ Onítẹ̀bọmi níbi tí ó ti dàgbà. Àwọn èèyàn kún ilé, wọ́n sì tún dínkù, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ṣe gbogbo nǹkan fún mi, wọ́n dáná, wọ́n fọṣọ, wọ́n dá àlejò lóhùn. Ọmọbìnrin wa padà sí ilé-ìwé tí ó ń gbé. Mo ń jẹ ohun tí wọ́n bá gbé síwájú mi, mo ń wọ ohun tí wọ́n bá lọ̀ fún mi. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ohun tí mo fẹ́, n kì í mọ̀.

Olórí ẹ̀ka ló wá bá mi nílé. Ó kí mi kú ara fẹ́ra kù, ó jókòó. Lẹ́yìn náà ó ní àwọn tó ni ẹ̀rọ ń bọ̀ wá gbé e ní ọjọ́ kejì. Ó ní, "Tíṣà, físíìsì ni mo mọ̀, n kò mọ ẹ̀rọ yìí. Ìyàwó yín nìkan ni wọ́n kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ ránṣẹ́ pé bí òǹkà bá lè jáde, òun kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ náà ṣègbé, orúkọ ìyàwó yín ni yóò sì wà lórí rẹ̀. Ṣé ẹ tilẹ̀ rí i rí, bí ó ṣe ń ṣe é?"

Mo ní mo rí i lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí ó lọ tán, mo wọ ilé ìdáná. Aṣọ náà ti bọ́ sẹ́yìn sítóòfù, ó ti gbẹ kankan, kò sẹ́ni tó rí i tí yóò jù ú nù. Mo ká a, mo fi sí àpò.

Ní ọjọ́ kejì, iná wà. Ọkùnrin tí wọ́n rán láti gbé ẹ̀rọ ti dé ṣáájú mi, pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tí wọ́n fi koríko gbígbẹ tẹ́ inú rẹ̀. Ìpàdé kan ti gba olórí ẹ̀ka lọ, ṣùgbọ́n ó ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún mi. Mo ṣàlàyé ara mi. Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á tù yín nínú. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ọ̀nà ò dáa, epo tó wà nínú ọkọ̀ yìí ò ju èyí tí n ó fi délé. N ó lọ nà lábẹ́ igi níta. Tí iná bá fi lè lọ pẹ́nrẹ́n, mo máa di ẹrù o." Mo ní ó tọ́.

Báyìí ni mo ṣe jókòó sórí àga rẹ̀. Àga náà kéré fún mi. Kọ̀ǹpútà gbóná díẹ̀díẹ̀, ó sì ń rùn bí eruku tí oòrùn pa. Ó pẹ́ kí n tó rí ibi tí àwọn àwòrán wà, ṣùgbọ́n mo rí wọn. Ó ti kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà lókè pátápátá, ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ọyẹ́ le, fèrèsé ṣí. Mo ti dísíkẹ́ẹ̀tì òfìfo kan bọ ẹ̀rọ, mo tẹ bọ́tìnnì tí ó tẹ̀. Ẹ̀rọ béèrè orúkọ. Mo tẹ OYE, bí òun náà ti ṣe. Àwòrán jáde, mo wá Kẹ́yìn kàn, òun náà jáde. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Mo ń bá a lọ, mo ń sọ wọ́n lórúkọ. Mo dé orí ọ̀kan tí ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, ìsinsìnyí ló yé mi. Mo ronú, mo ní orúkọ tó bá èyí mu ni òye. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ bi mí ní ìbéèrè kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bóyá kí ó fi èyí rọ́pò. Mo rò pé ó ń bi mí bóyá orúkọ náà dá mi lójú ni. Ó dá mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí mo yẹ dísíkẹ́ẹ̀tì wò, àwọn ìbejì àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Òye ti gbé ọyẹ́ mì.

Ẹ̀rù bà mí. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ, bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọ́ ẹni tó wà nínú yàrá kejì: ẹ̀rọ náà kò gbọ́ ohùn, Tíṣà. Mo bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan nínú láàbù, lórí àga tó kéré fún mi, mo rẹ́rìn-ín débi pé ọkùnrin abẹ́ igi gbé orí sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí nǹkan o?" Mo ní kò sí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rẹ́rìn-ín nìyẹn láti ọjọ́ Sẹkọna, òun náà ló sì pa mí lẹ́rìn-ín.

Ohun tí ẹ̀rọ rí ṣì wà nínú rẹ̀. Èyí tó jáde nìkan ló sọnù. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo fi nọ́ńbà sí ìdí orúkọ kọ̀ọ̀kan, bí olùkọ́ ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ tí orúkọ wọn jọra ní kíláàsì. Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa sọ èdè rẹ̀. Mo ti fi ọjọ́ ayé mi kọ́ àwọn ọmọ pé ọ̀rọ̀ tí a bọ́ ohùn kúrò lára rẹ̀ ti kú. Mo ṣì ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa lè fi ohùn sí i padà nínú ara rẹ̀, bí ẹnu tí ó ń sọ ọ́ kò tilẹ̀ sí mọ́. Mo ti gbé ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìmọ̀ yẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ìwé náà wà níbi tí ó yẹ kí ó wà, pẹ̀lú orúkọ ìyàwó mi lójú ewé àkọ́kọ́. Bí mo bá ṣí i, tí mo rí òrùka nínú òrùka, òórùn kẹrosíìnì ni mo ń gbọ́.

Ó ku ẹyọ kan. Òun ni ìyàwó mi yà kẹ́yìn, ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ Sẹkọna. Ojú ọjọ́ ti mọ́ nígbà náà, ìtànṣán náà sì rí roboto, kò fàya níbì kankan. Kò kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ béèrè orúkọ. Mo kọ́kọ́ ronú ohun tí mo jẹ́ sí i, ọkọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá bọ́ ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó lè di oko, ó lè di ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, ó lè di ọkọ̀ tó ń ná Sẹkọna. Mo wá ọ̀rọ̀ tí a lè bọ́ ní gbogbo ohun tó wọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì ní ṣì í kà. Ó wà níbẹ̀, kò sì tó lẹ́tà mẹ́jọ. Mo tẹ IYAWOMI. Táyé jáde. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Kẹ́yìn jáde.

Mo yọ dísíkẹ́ẹ̀tì. Mo mú aṣọ náà jáde láti inú àpò mi, mo nu ojú kámẹ́rà rọra bí mo ti rí i tí ó ń ṣe, láti àárín bọ̀ sí etí, títí eruku fi kúrò. Lẹ́yìn náà mo lọ sí ẹnu ọ̀nà láti pe ọkùnrin náà. Ó dìde, ó gbọn koríko kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo rẹ̀ ti jáde?"

Mo ní, "Mo ti kó wọn jáde. Mo sì ti sọ wọ́n lórúkọ."